Ọyẹ́ Ọdún Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin

Àwọn ọmọ mi kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan jẹnẹrétọ̀ ilé wọn. Bí mo bá ti sún mọ́ ọn báyìí, wọn á ní, "Mummy, ẹ fi í sílẹ̀ o, ẹ má fi nǹkan kan kún un." Wọ́n ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu mi tó ìgbà ogún, wọn kò sì fọkàn tán mi mọ́ nídìí ohunkóhun tó bá ń mu epo. Èmi ni mo fà á. Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ bínú bí wọ́n bá gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ètè mi ń là, tí eruku funfun bo ewé máńgòrò, ọkàn mi a padà sí agboolé wa ní Ọ̀fà, sí ọdún tí Bàámi ra Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin, tí gbogbo wa sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù ká pa á.

Télọ̀ ni Bàámi. Iwájú ilé gan-an ló ti ń ránṣọ, lábẹ́ páànù tó yọ síta, ìró máṣìnì rẹ̀ ni mo sì fi ń mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán. Ìgbálẹ̀ Màámi ló máa ń kọ́kọ́ dún, nítorí tíṣà ni Màámi, kò sì fẹ́ kí ọmọ iléèwé kankan jí ṣáájú òun. Lẹ́yìn ìyẹn ni garawa á bọ́ sínú kànga, gbọ̀ọ́, tí okùn á máa ké bó ti ń gòkè bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin á fọn fèrè ní ibùdókọ̀ lọ́hùn-ún. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàámi, á wúkọ́ nínú yàrá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ni pé ó ti kírun Àsùbáà tán, kí ẹnikẹ́ni má ṣe díbọ́n mọ́ pé òun ṣì ń sùn. Nígbà náà ni Bàámi á gbé ike epo kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó rẹ̀, á kán epo sí gbogbo ihò ara máṣìnì ìránṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á tẹ́tí sí i, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá Àgbà a máa jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a máa wò ó. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ láyé nìyẹn, ju ìránṣọ fúnra rẹ̀ lọ.

Lọ́yẹ́, Ìyá Àgbà náà ní iṣẹ́ epo tirẹ̀. Bí a bá ti fi omi gbígbóná wẹ̀ tán, á tò wá síwájú rẹ̀, èmi, àwọn àbúrò mi méjì, àti ọmọ aládùúgbò yòówù tó bá ṣèèṣì ń kọjá. Á bu òrí nínú ìkòkò rẹ̀, á fi pa wá láti iwájú orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ le, kò sì mọ ojú yàtọ̀ sí èjìká. "Ohun tí kò bá mu epo lọ́yẹ́, lílà ní í là," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Ó gbà bẹ́ẹ̀ nípa awọ ara, nípa ilẹ̀kùn onígi, nípa igbá, àti nípa ahọ́n ọmọ tó bá ń rojọ́ jù. A ó mu ògì gbígbóná tán, a ó jáde lọ síléèwé, ojú wa á máa dán, òórùn òrí á sì ṣáájú wa wọ kíláàsì. Ojú máa ń tì mí nígbà náà. Lónìí, mo máa ń ra òrí tí n kò nílò, kí n ṣáà lè ṣí i gbóòórùn.

Ṣùgbọ́n orúnkún ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́ ti òrí. Ó ti tó ọdún méjì tí orúnkún náà ti wú, tí kò jẹ́ kó rìn kọjá mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Ìyẹn ì bá má dùn ún tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wọn, àwọn méjèèjì péré ló sì kù láyé nínú ọmọ ìyá wọn. Ẹ̀gbọ́n yìí, tí àwa ọmọ ń pè ní Ìyá Aba, ń gbé lóko, ní aba kan lẹ́yìn Òjòkú, kò sì jẹ́ wá sígboro nítorí ariwo. Ọkọ̀ kò lè dé aba náà. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tóóró tó gba àárín ebè iṣu kọjá ló dé ibẹ̀. Ọ̀kadà lè dé e, Ìyá Àgbà ni kò gbà. Ó ní, "Ohun tí kò lè dá dúró fúnra rẹ̀, ṣé èmi ló fẹ́ gbé dúró?" Fún ọdún méjì gbáko, bí àwọn ọmọ ìyá méjì yìí bá fẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹnu ẹlòmíràn ni wọ́n ń yá.

Ìdí nìyí tí Bàámi fi lọ síbi gbàǹjo lọ́jọ́ tí àwọn kan tó ń la ọ̀nà parí iṣẹ́, tí wọ́n ń ta ẹrù wọn. Àwọn mìíràn ra bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ra fáànù. Bàámi ra ohun tí òyìnbó wọn fi ń yíká ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ó jọ alùpùpù lójú, ó ní ọwọ́ bíi ti alùpùpù, ṣùgbọ́n táyà mẹ́rin tó sanra ló gbé e dúró, irin pẹrẹsẹ kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ẹrù. Ó gùn ún wálé, ó dá a dúró níwájú Ìyá Àgbà.

"Ẹ wò ó, Ìyá mi. Ó ń dá dúró fúnra rẹ̀."

Ìyá Àgbà yí i po. Ó fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ tì í, kò mì. Ó ní, "Àkànní, èyí lọ́gbọ́n nínú. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, bí ewúrẹ́." Orúkọ tó jẹ́ nìyẹn títí ó fi kúrò nílé wa. Bàámi wá jókòó, ó ń ṣàlàyé fún Màámi pé ẹ̀rọ rẹ̀ kì í mu bẹntiróòlù lásán, ọ́ìlì ni wọ́n ń pò mọ́ ọn, agolo mílíìkì kékeré kan sí gálọ́ọ̀nù bẹntiróòlù kan, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Ìyá Àgbà wà nítòsí. Ohun tó gbọ́ nínú gbogbo àlàyé náà ni pé ó ń mu epo.

Òjò ṣì ń rọ̀ nígbà náà, Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin sì ń ṣe dáadáa. Bàámi á fi ẹsẹ̀ ta á lẹ́ẹ̀kan, á dáhùn. Ó gbé wa yí àdúgbò ká títí àwọn ọmọ tí kò bá wa ṣeré rí fi di ọ̀rẹ́ wa. Ṣùgbọ́n odò kékeré tó dábùú ọ̀nà aba kún dé itan, a ní láti dúró de ọ̀gbẹlẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, odò fà, ọ̀nà gbẹ, ọyẹ́ sì bá a wọlé. Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin wá ní òun kò lọ mọ́.

Mo rántí Sátidé àkọ́kọ́. Ìyá Àgbà ti múra láti Àsùbáà. Ó ró ìró rẹ̀ tó dára jù, ó gbé agbọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́: àkàrà gbígbóná wà nínú rẹ̀, iyọ̀, àti bùbá tuntun tí Bàámi rán fún Ìyá Aba. Òtútù mú débi pé èéfín ń jáde lẹ́nu wa bí a bá sọ̀rọ̀. Bàámi ta á. Kò dáhùn. Ó ta á títí ó fi bọ́ fìlà, ó ta á títí ó fi bọ́ bùbá, òógùn ń sun lára rẹ̀ nígbà tí àwa wé ara wa mọ́ aṣọ. Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin á wí pé kọ́ọ̀, kọ́ọ̀, á tu èéfín díẹ̀, á sì dákẹ́. Gbogbo ọmọ àdúgbò bá wa tì í lọ tì í bọ̀. Aládùúgbò wa, Alhaji Bùráímọ̀, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju wíwo ilé wa láti fàráńdà rẹ̀ lọ, nahùn sókè.

"Télọ̀! Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́ o, ṣùgbọ́n èèyàn là ń bá jà, kì í ṣe irin!"

"Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, Alhaji," ni Bàámi dáhùn, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ pa dé.

Nígbà tí oòrùn mókè, Ìyá Àgbà ṣí agbọ̀n rẹ̀, ó pín àkàrà náà fún wa. Ó ní ká jẹ ẹ́ kó tó tutù. Inú wa dùn, a jẹ ẹ́, a lá ọwọ́. Ó wá ń tì mí lójú báyìí bí mo bá rántí bí inú wa ṣe dùn tó.

Bàámi kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun pe mẹkáníìkì. Ó ní ẹni tó ti ń tú máṣìnì ìránṣọ tó ti ń tò ó láti kékeré kò ní í bẹ ẹnikẹ́ni nítorí irin. Ó da omi gbígbóná lé e lára. Ó mú bùláńkẹ́ẹ̀tì orí bẹ́ẹ̀dì, ó fi bò ó lẹ́yìnkùlé. Màámi ní, "Èmi tí mo bímọ mẹ́ta fún un, òtútù ń pa mí. Irin ló ń da aṣọ bò." Ó rò pé Bàámi kò gbọ́. Bàámi gbọ́, kò kàn ká bùláńkẹ́ẹ̀tì náà kúrò ni.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Aláàsárì, Ìyá Àgbà fi ìka pè mí wá. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi oríkì mi pè mí.

"Àṣàkẹ́, bàbá rẹ ń ta á, ó ń ta á, kò bi í léèrè ohun tó ń ṣe é. Ọyẹ́ ló mú un. Ara rẹ̀ ti gbẹ."

"Ṣé ẹ̀rọ náà máa ń gbẹ ni, Ìyá Àgbà?"

"Kí ni kì í gbẹ lọ́yẹ́? Ṣé o ò rí i bó ṣe ń fún máṣìnì ìránṣọ lépo láràárọ̀ ni? Èyí tó tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá wá ń pebi mọ́nú. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Èmi ò lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún yìí. Ìwọ lọ bá mi ṣe é."

Ó fi agolo mílíìkì lé mi lọ́wọ́. Ìlàjì agolo ọ́ìlì Bàámi ni kí n máa dà sí i, ní ọjọ́ méjì-méjì. Ó ní kí n má sọ fún bàbá mi, nítorí ọkùnrin kì í fẹ́ gbọ́ pé ìyá òun mọ nǹkan ju òun lọ. Òun á dúró ní igun ilé. Bí Bàámi bá ń bọ̀, òun á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò, mo ṣí táǹkì, mo rọra da ọ́ìlì sí i bí ẹni ń fún ọmọ ní àgbo. Mo tilẹ̀ sọ fún un pé kó pẹ̀lẹ́. N kò lè ṣàlàyé bí mo ṣe rò pé mo tó èèyàn tó lọ́jọ́ náà. Nínú gbogbo ilé, èmi ni Ìyá Àgbà rán. Mo bá a pa àṣírí mọ́ bí ẹni pé owó ìlú ló wà lọ́wọ́ mi.

Sátidé kejì bọ́ sí ọjọ́ ìmọ́tótó, tí gbogbo ayé wà níta pẹ̀lú ọkọ́ àti ìgbálẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin dójú tì wá níwájú gbogbo wọn. Ní Sátidé kẹta, èéfín funfun tó tu jáde bo iwájú ilé débi pé Alhaji Bùráímọ̀ wọlé lọ fúnra rẹ̀, ó ń wúkọ́. Ìgbà yẹn ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nínú pé bí mo ṣe ń da ọ́ìlì sí i ni ó ń burú sí i. Mo sọ fún nǹkan náà pé kó dákẹ́. Mo ní oògùn kì í jẹ́ lọ́jọ́ kan.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni àgbẹ̀ kan tó ń ti Òjòkú bọ̀ yà sílé wa. Ó gbé àpò ọ̀dùnkún kalẹ̀, ó ní Ìyá Aba ló ní kí òun kó o fún àbúrò òun. Ó wá lóṣòó, ó ń jíṣẹ́ tí wọ́n rán an.

"Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ojú kan ti pa dé, Ìyá. Èkejì ni wọ́n fi ń ríran, kùrukùru sì ti ń bò ó. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn rí ojú yín kó tó di pé ohùn yín nìkan ni àwọn ó máa gbọ́."

Ìyá Àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún un lómi. Lẹ́yìn tó lọ, ó mú ọ̀dùnkún kan nínú àpò, kò gé e, kò sì gbé e sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà títí a fi jẹun alẹ́. Lọ́jọ́ kejì, a wẹ̀ tán, a tò síwájú rẹ̀ bí ìṣe wa, ó wò wá bí ẹni tí kò rántí ohun tí a wá ṣe. A lọ síléèwé láìpara. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé bí Ìyá Àgbà kò bá rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ojú kejì yẹn bá lọ pa dé, ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún Màámi. Mo ṣí ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, mo pa á dé lẹ́ẹ̀mejì.

Màámi kò dúró de ẹnu mi. Ó ní, "Bàbá Sìdí," orúkọ mi ló fi ń pè é, "iṣẹ́ ìránṣọ lẹ kọ́. Ẹ ò kọ́ èyí. Ìyá yín ló ń jìyà rẹ̀." Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí Màámi ṣe jáde níléèwé, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjàgbó láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó lọ bá Bọ́dà Ràsákì, mẹkáníìkì tó máa ń tún ọ̀kadà ṣe. Láàárọ̀ Sátidé kẹrin, ọkùnrin náà dé, ó wọ kóòtù nítorí òtútù, pákò wà lẹ́nu rẹ̀. Kò kánjú rárá. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ògì ṣì kù, ó sì mu ún tán kó tó wo ẹ̀rọ. Bàámi ká ọwọ́ gbera.

"Mo ti yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun mẹ́ta péré ni ẹ̀rọ ń fẹ́, bíi tèèyàn náà ni: oúnjẹ, iná, èémí. Ẹ jẹ́ ká bi í léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ó tú ibi tí ẹ̀rọ ti ń mí. Tìmùtìmù kékeré tó wà níbẹ̀ ti dí pa fún eruku ọyẹ́. Ó gbọ̀n ọ́n, ojú gbogbo wa funfun. Ó ní kí Bàámi bá òun fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. Ṣé ẹ lè gbàgbọ́ pé Bàámi jókòó lórí ìdí odó, ó ń fọ̀ ọ́ bí ọmọṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Bọ́dà Ràsákì wá tú púlọ́ọ̀gì, ohun tó ń ṣáná nínú ẹ̀rọ, ó gbé e sókè. Ó dúdú, ó rin gbindin, ọ́ìlì ń kán tó, tó, tó láti ẹnu rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fa igi ìgbálẹ̀ kan yọ, ó tì í bọ inú táǹkì, ó fi ìka méjì ra ohun tó bá a jáde. Ó yọ pákò lẹ́nu.

"Ta ló ń fún nǹkan yìí lóúnjẹ?"

"Èmi ni," ni Bàámi wí. "Agolo kan sí gálọ́ọ̀nù kan."

"Ẹ má bínú o, Bàbá. Èyí kì í ṣe agolo kan. Ṣé ẹ fẹ́ din dùǹdú nínú táǹkì yìí ni?"

Mo wo Ìyá Àgbà. Ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ kíákíá, bí ẹni pé àdúrà náà fẹ́ tán lọ́jà. Mo ronú kan ojú Ìyá Aba tó ń bo kùrukùru, mo sì kúnlẹ̀.

"Èmi ni, Bàámi. Mo rò pé ara rẹ̀ gbẹ ni."

"Ìwọ kẹ̀? Ìwọ Sìdí? Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

Mo tẹjú mọ́lẹ̀. Bàámi dìde lórí ìdí odó, tìmùtìmù ń kán bẹntiróòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó ti gbé ẹsẹ̀ kan ni mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Àkànní, fi ọmọ sílẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun ó wọ́. Èmi ni mo rán an. Èmi ni mo ń ṣọ́nà fún un. Mo rò pé ọyẹ́ ló mú un."

Kò sí bí Bàámi ṣe fẹ́ bá ìyá rẹ̀ wí níwájú àlejò. Ṣùgbọ́n Bọ́dà Ràsákì kò tíì ṣe tán. Ó bi mí léèrè iye ìgbà tí mo da ọ́ìlì sí i, mo sọ fún un. Ó ṣírò rẹ̀ lórí ìka, ó tún ra ìka méjì papọ̀, ó mi orí.

"Síbẹ̀ náà, epo yìí ju ti Ìyá àti ọmọ yìí lọ."

Bàámi wo igi máńgòrò. Ó wo páànù. Ó ha ọ̀fun.

"Ó lè jẹ́ pé... láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé... mo fi díẹ̀ kún ti agolo kan yẹn. Díẹ̀ ni o."

"Báwo ni díẹ̀ náà ṣe tó, Bàbá?"

"Agolo kan."

Ẹ̀rín tí Màámi rín, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó ń na ọwọ́ sí Bàámi, ó ń na ọwọ́ sí Ìyá Àgbà. Alhaji Bùráímọ̀ ń kígbe láti fàráńdà pé kí ni, kí ni, ẹ jẹ́ kí òun náà gbọ́. Ìyá Àgbà ni ó kọ́kọ́ bá Màámi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àkànní, ó wá dà bí ẹni pé mo bí ọ lóòótọ́." Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín gba ilé kan.

Ohun tó kù kò le. Wọ́n tú gbogbo epo inú táǹkì dànù sínú kẹ́ẹ̀gì. Màámi fúnra rẹ̀, bí tíṣà, ló wọn tuntun lójú gbogbo wa: gálọ́ọ̀nù kan, agolo kan, ó sì fi agolo náà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Bọ́dà Ràsákì nu púlọ́ọ̀gì, ó yan án díẹ̀ lórí ẹyín iná àkàrà kó lè gbẹ. Ó fi irin kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ han Bàámi, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣóòkì. "Bó bá tutù, ẹ fà á. Bó bá ti gbóná, ẹ dá a padà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lọ́yẹ́, ẹ ó da aṣọ bò ó. Bí oòrùn bá ràn, ẹ ó ká a kúrò. Aṣọ tirẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe bùláńkẹ́ẹ̀tì." Bàámi ní òun kò fọwọ́ kan irin náà rí, òun rò pé ó ti bàjẹ́ ni. Mẹkáníìkì náà kò ta ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Bàbá, ẹ wá ta á." Mo ti dàgbà kí n tó mọ irú ọlá tó fún Bàámi lọ́jọ́ náà.

Bàámi ta á lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn. Ó ta á lẹ́ẹ̀kejì, ó wúkọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bú jáde, pàrà-pàrà-pàrà, èéfín funfun tu, ó ń fúyẹ́, ó ń fúyẹ́, títí ó fi mọ́. Àwa ọmọ ń fò sókè. Nígbà tí mo fi máa bojú wẹ̀yìn, Ìyá Àgbà ti wé gèlè tán.

Irin ẹ̀yìn yẹn ni Bàámi fẹ́ kí Ìyá Àgbà jókòó lé. Ó ti fi àjákù aṣọ rán ìrọ̀rí nípọn kan sórí rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti rà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á pé ó lè já bọ́ lójú ọ̀nà gbágungbàgun. Ó rò ó, ó wọlé, ó sì mú ọ̀já jáde, ọ̀já tí Màámi fi pọn àbúrò mi kékeré. Ó jókòó níwájú, ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́yìn rẹ̀, Màámi sì fi ọ̀já gbá àwọn méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó so ó níkùn Bàámi. Ìyá Àgbà fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo pọ̀n ọ́ nígbà kan. Wò ó bí ayé ṣe ń yí." Bàámi fa ṣóòkì, ó dá a padà. Èmi jókòó níwájú rẹ̀ lórí táǹkì tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bà jẹ́, agbọ̀n àkàrà wà láàárín ẹsẹ̀ mi, a sì gbéra. Alhaji Bùráímọ̀ dìde dúró kí wa.

A la Òjòkú kọjá, a wọ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ dúró lórí ebè, ọkọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń wo ọkùnrin tó pọn ìyá rẹ̀. Odò tó dí wa lọ́wọ́ nígbà òjò ti di yanrìn, Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin kọjá láìbojú wẹ̀yìn. Nígbà tí a dé aba, Ìyá Aba ti jáde síta nítorí ariwo. Ó dúró, ó fi ọwọ́ bo iwájú orí, ó ń fi ojú kan yẹn wá wa nínú ìmọ́lẹ̀. Màámi kò sí níbẹ̀, èmi ni mo tú ọ̀já. Ìyá Àgbà sọ̀kalẹ̀, ó rìn dé iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fẹ́ kúnlẹ̀. Orúnkún ọ̀tún kọ̀. Ó di ọ̀pá mú, ó sì fi agbára tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, títí orúnkún náà fi kan ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àtijọ́."

"Dìde! Ta ní kí o fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ kí mi? Dìde, kí n rí ọ."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú ojú rẹ̀, ó yí i sí ọ̀nà oòrùn, ó wò ó pẹ́. Èmi kò rí i kí ẹnikẹ́ni wo ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló ní, "O ti darúgbó o." Ìyá Àgbà ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dà á." Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń sunkún, Bàámi sì lọ wo táyà tí kò ní ohunkóhun tó ń ṣe é. Kí òjò tó tún dí ọ̀nà, a lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà sí i. Ojú kejì pa dé nínú ọdún tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n Ìyá Aba máa ń sọ pé òun kò pàdánù nǹkan kan, òun ti rí ohun tí òun fẹ́ rí.

Lọ́jọ́ náà, bí a ti ń múra àtilọ, ó fi ọ̀pá táátàá dé ibi tí Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́rin dúró sí. Ó fi ọwọ́ pa á lára láti iwájú dé ẹ̀yìn bí wọ́n ti ń pa ẹran ọ̀sìn lára, eruku sì bo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó fà mí mọ́ra, ó rọ ohùn sílẹ̀ kí Bàámi má baà gbọ́.

"Àṣàkẹ́, ara rẹ̀ ti gbẹ jù lọ́yẹ́ yìí. Ṣé wọ́n ń fún un lépo ṣá?"

Ó tẹ òrí ńlá kan tó fi ewé dì mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní bí bàbá mi kò bá wò, kí n fi sí i. Mo gbójú sókè, ojú èmi àti Ìyá Àgbà ṣe mẹ́rin. Ó ti gbọ́. Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu, ó sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gba òrí náà, mo dúpẹ́, mo fi í sábẹ́ aṣọ mi títí a fi délé. Nígbà tí a délé, mo bá Ìyá Àgbà na ẹsẹ̀ sórí ẹní, mo tú ewé náà, mo sì fi gbogbo rẹ̀ pa orúnkún tó fi kúnlẹ̀.